Ọ̀kadà àlòkù: Ọdún tó wà nínú ìwé kọ́ ni ọjọ́ orí máṣíìnì

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kadà àlòkù ní apá àríwá Èkìtì, yálà ní Ìrè, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: ọdún wo ni? Ẹni tó ń tà á náà kì í ronú kó tó dáhùn. Yóò ní 2021 ni, yóò tọ́ka sí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kó fa ìwé yọ lápò. Èyí tó bá jẹ́ 2021 ni owó rẹ̀ máa ń ga, èyí tó bá jẹ́ 2016 ni wọ́n ń sọ pé kí ẹ gbé lọ ní pọ́ọ́kú. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kó owó kòkó, owó iṣu àti owó àjọ lé ohun tí wọn kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an.

Owó náà kì í sì í ṣe kékeré mọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n tún ní kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Náírà tó wà ní nǹkan bíi 460 sí dọ́là kan lé ní 1,500 nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kejì, ọdún 2024. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọ̀kadà tuntun tó ń ti Íńdíà àti Ṣáínà wọlé, nítorí náà èyí tí àgbẹ̀ lè fi owó ìkórè kan rà tẹ́lẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù kan náírà. Àwọn tó máa ń ra tuntun inú páálí wá di oníbàárà àlòkù, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra àlòkù.

Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é tí wọn kò ní rà á. Láti Ìrè sí oko, sí Ìlúpéjú, sí Ìgbẹ́mọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ ìrẹsì, ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Láti ọdún 2011 tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti dé Ọ̀yẹ́, tó sì tún ní ọgbà sí Ìkọ̀lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kún àwọn tó ń wá ọ̀kadà láàárọ̀ kùtùkùtù. Aláìsàn tó fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó láti abúlé, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló máa ń kọ́kọ́ jókòó sí kó tó rí ọkọ̀. Ìrè sì ni ìlú Ògún Onírè, tí wọ́n máa ń ṣọdún rẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, tí awakọ̀, alágbẹ̀dẹ àti mẹkáníìkì ń pè ní bàbá wọn. Ìlú tó mọ irin tó báyìí, kò yẹ kó jẹ́ irin ni wọ́n máa fi rẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ.

Ọjọ́ orí mẹ́ta fún máṣíìnì kan

Máṣíìnì kan ṣoṣo lè ní ọjọ́ orí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ọdún tí ilé iṣẹ́ ṣe é. Èkejì ni ọdún tí wọ́n tú u kúrò nínú páálí, tí wọ́n tò ó pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí pé inú páálí ni ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tuntun ti ń wọlé, ó sì lè jókòó sí ilé ìkẹ́rùsí fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Ẹ̀kẹta ni ọdún tí ẹni tó rà á lọ gba nọ́ńbà. Ní abúlé, ìyẹn lè di ọdún mélòó kan lẹ́yìn tó ti ń gùn ún, àfi bí ọlọ́pàá bá tètè dá a dúró. Ẹ̀kẹta yìí gan-an ló máa ń wà nínú ìwé tí wọ́n ń fi han oníbàárà. Tí ọ̀kadà náà bá wá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí onítọ̀hún lọ gba nọ́ńbà tuntun, ọjọ́ orí rẹ̀ tún dín kù lórí ìwé, àfi bí ẹni pé ó lọ sinmi ní ìlú òyìnbó.

Ara irin ni òótọ́ wà. Ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo ọrùn férémù, níbi tí fọ́ọ̀kì iwájú ti wọlé. Ẹ óò rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin níbẹ̀. Láti ọdún 1981 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí nọ́ńbà yìí jẹ́ 17, kí èyí tó wà ní ipò kẹwàá sì máa sọ ọdún. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ káàkiri àgbáyé ló ń lo ìlànà náà. Tí ipò kẹwàá bá jẹ́ 1, ọdún 2001 ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé 9 tó jẹ́ 2009. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀: A ni 2010, B ni 2011, F ni 2015, G ni 2016, J ni 2018, L ni 2020, M ni 2021, P sì ni 2023. Wọn kì í lo I, O, Q, U àti Z fún ọdún, kí èèyàn má baà ṣì wọ́n kà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn H tó jẹ́ 2017, J ló kàn.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀kadà ló ń tẹ̀ lé e o. Àwọn kan láti Ṣáínà kò kọbi ara sí i, àwọn tí wọ́n sì ṣe fún ìlò inú Japan fúnra rẹ̀ kì í ní nọ́ńbà tó tó 17. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ wá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ẹ wo máṣíìnì méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ irú kan náà, tí ẹ mọ ìgbà tí àwọn tó ni wọ́n rà wọ́n ní tuntun, ẹ fi nọ́ńbà wọn wé èyí tí ẹ fẹ́ rà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra yóò hàn. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi fáìlì ha nọ́ńbà náà, tàbí pé lẹ́tà kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí àwọn yòókù dúró ṣánṣán, ẹ má bèèrè iye rẹ̀ mọ́.

Ẹlẹ́rìí méjì mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò ranti pa lẹ́nu mọ́. Ọ̀kan ni táyà. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àpótí kékeré kan: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tí ẹni tó ń tà á bá búra pé òun kò tíì pààrọ̀ táyà rí, pé 2022 ni máṣíìnì òun, tí táyà sì ń sọ pé 2017 lòun, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́, táyà kò sì ní ẹnu. Èkejì ni àwọn ike ara rẹ̀. Ẹ ṣí ìjókòó, ẹ yẹ inú ike ẹ̀gbẹ́ wò. Lára ọ̀pọ̀ wọn ni ilé iṣẹ́ máa ń tẹ àmì róbótó kan mọ́, tó dà bí ojú aago, tí ọfà inú rẹ̀ ń tọ́ka sí oṣù tí wọ́n ṣe ike náà, tí ọdún sì wà láàárín. Lóòótọ́ wọ́n lè ti pààrọ̀ ike kan. Ṣùgbọ́n tí mẹ́ta bá ń sọ ohun kan náà, ẹ gba wọ́n gbọ́.

Ohun tí ọdún ń yí padà

Ká ní ẹ tiẹ̀ mọ ọdún náà, ìbéèrè tó kàn ni pé kí ni ọdún yẹn fi kún máṣíìnì? Nígbà mìíràn, kò fi nǹkan kan kún un ju àwọ̀ àti sítíkà lọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó yí gbogbo rẹ̀ padà.

Àpẹẹrẹ tó dára jù ni Honda CG125. Ọdún 1976 ni Honda gbé e jáde, ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi alùpùpù ṣiṣẹ́ àṣekára, àwọn èèyàn kì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì CB125 tó wà ṣáájú kò sì fara da ìyà yẹn. Ni wọ́n bá pa ṣéènì tó ń yí kámù lókè ẹ́ńjìnnì tì, wọ́n fi ọ̀pá irin tó ń ti fáàfù dípò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò yá jù, ṣùgbọ́n kò lórí pípa. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ń lo iná fóòtì 6 àti kọ́ńtáàtì tí mẹkáníìkì ní láti máa tún ṣe lóòrèkóòrè. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bọ́ sórí fóòtì 12, tí kọ́ńtáàtì sì lọ. Nínú máṣíìnì méjì tí ojú wọn jọra yìí, ọ̀kan ń ríran lálẹ́, ìkejì ń táràrà. Ọdún ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ 125 tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà lónìí ló jẹ́ pé àwòkọ ẹ́ńjìnnì CG ni wọ́n gbé sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ páátì wọn fi ń bá ara wọn mu.

Ìyípadà kejì tó kan àpò gan-an ni ti Jincheng AX100, tó jẹ́ àwòkọ Suzuki AX100. Òun ló gba ojú títì ní ìparí àwọn ọdún 1990 sí àwọn ọdún 2000. Ẹ́ńjìnnì tó ń fẹ́ kí wọ́n po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù ló ní. Ó máa ń fò bí ẹtu, òkè Èkìtì kò bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó ń mu epo, ó sì ń rú èéfín. Àwọn ọ̀kadà Íńdíà bíi Bajaj Boxer tó wá gba ojú títì lọ́wọ́ rẹ̀ kì í po ọ́ìlì mọ́ epo, wọn kì í sì í mu epo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní ọlọ́kadà kan ń rin kìlómítà 100 lójúmọ́. Máṣíìnì àkọ́kọ́ ń fi lítà kan rin kìlómítà 30, ìkejì ń fi lítà kan rin 40. Èkíní yóò mu lítà mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta, èkejì yóò mu méjì ààbọ̀. Tí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 833 náírà lójúmọ́. Fún 300 ọjọ́ iṣẹ́, 250,000 náírà ni. Owó tí ẹ rò pé ẹ ní èrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á ní pọ́ọ́kú ti gba ẹnu táǹkì jáde kí ọdún tó parí, ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kò tíì sí nínú ìṣirò yìí.

Láàárín àwọn Boxer fúnra wọn náà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. BM100 jẹ́ sísì 99, BM150 tí wọ́n ń pè ní 150 kò sì pé 150, 144.8 ni. Ọ̀nà tó tẹ́jú láti ilé dé ọjà, 100 ti tó, kì í sì í jẹ epo. Ẹni tó máa ru àpò iṣu méjì gun òkè kí ó wá 150 lọ, ìbáà tiẹ̀ fi ọdún mélòó kan gbó ju 100 lọ, nítorí pé 100 tí wọ́n fi ń ru ẹrù 150 kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010 ni BM150 dé. Ẹni tó bá ní 2005 ni ti òun, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Àwọn tó ń gun alùpùpù ńlá arìnrìn-àjò, èyí tí wọ́n ń pè ní power bike, ti mọ ọ̀rọ̀ ọdún yìí tipẹ́. Nínú wọn ni àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà àti àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ rẹ̀ wọ Èkó wà. Honda Gold Wing ni ọ̀gá nínú irú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 pẹ̀lú sísì 1,000. Ní 1988 ó di sílíńdà mẹ́fà, ní 2001 ó di sísì 1,832, nígbà tó sì di 2018, wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé 2001 ló yẹ kó dára ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú irú ti 2001 yẹn ni Honda ní kí wọ́n dá padà nítorí ibi tí wọ́n ti jó irin férémù wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ó tún pe àwọn tó lé ní 100,000 padà ní Amẹ́ríkà, láti ti 2001 dé ti 2010 àti ti 2012, nítorí bíréèkì ẹ̀yìn tó lè máa di ara rẹ̀ mú tí yóò fi gbóná débi tí iná lè sọ. Kò tiẹ̀ sí ti 2011 ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ìgbà yẹn ni wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Ohio lọ sí Japan. Nítorí náà, 2009 tí wọ́n ti tún bíréèkì rẹ̀ ṣe sàn ju 2012 tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lọ. Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà lè tẹ nọ́ńbà 17 yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, NHTSA, lọ́fẹ̀ẹ́, kó rí bóyá àtúnṣe kan ṣì wà tí wọn kò tíì ṣe. Oníbàárà ọ̀kadà kékeré ní Ìkọ̀lé kò ní irú àǹfààní yẹn. Ojú rẹ̀ àti ti mẹkáníìkì rẹ̀ ló ní.

Iṣẹ́ tó ti ṣe

Ní Èkó, òfin ọdún 2012 kọ́kọ́ lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ òpópónà. Ní oṣù Kejì ọdún 2020 wọ́n lé wọn kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, nígbà tó sì di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìfòfindè tún le sí i, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀kadà tí wọ́n gbà. Kò sí ọlọ́kadà tó máa dúró kí wọ́n fọ́ tirẹ̀. Àwọn kan gùn ún lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn kan tà á. Máṣíìnì tó ti fi ọdún mẹ́ta gbé èrò ní Èkó lè wá dúró sí Ọ̀yẹ́ lónìí, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó, wọ́n ń pè é ní ti olùkọ́.

Ẹ tún wo ìṣirò kan náà. Kìlómítà 100 lójúmọ́ fún 300 ọjọ́ jẹ́ 30,000 lọ́dún. Olùkọ́ tó ń gun tirẹ̀ lọ sí ilé ìwé ní kìlómítà márùn-ún sí ilé kò lè rin 3,000 lọ́dún. Ọ̀kadà èrò ti 2021 tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti rin 90,000, ti olùkọ́ tó jẹ́ 2013 kò tíì dé 40,000. Èwo ló dàgbà jù? Ẹ má wo ojú mítà o. Wáyà kékeré kan ló ń yí i, mélòó kan nínú wọn ló sì ń ṣiṣẹ́?

Ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ń fọwọ́ kàn lojoojúmọ́ ni kí ẹ wò: rọ́bà ẹsẹ̀, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ojú ihò kọ́kọ́rọ́, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yí jíà. Tí wọ́n bá ti dán bíi dígí tàbí tí wọ́n jẹ́ tuntun jù fún máṣíìnì tó gbó, ìbéèrè wà ńbẹ̀. Ẹ di kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn mú, ẹ mì ín sí ọ̀tún àti òsì. Tó bá ń ṣeré, bọ́ọ̀ṣì ti jẹ. Ẹ wo ọrùn férémù àti abẹ́ ìjókòó fún ibi tí wọ́n ti jó irin, pàápàá lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Kí ẹ tó jẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọ́n ti gbóná rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ má baà gbọ́ bó ṣe ń jà kó tó jí. Ní ti èyí tí kì í po ọ́ìlì mọ́ epo, èéfín aláwọ̀ búlúù tí kò dáwọ́ dúró túmọ̀ sí pé ríìngì ti lọ. Àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ni ẹ ń rà yẹn, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tó dá.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò gba àlàyé púpọ̀. Kí nọ́ńbà férémù àti ti ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé mu, kí orúkọ ẹni tó ń tà á wà nínú rẹ̀ tàbí kí ó mú risíìtì ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wá, kí ẹ sì lọ yí i sí orúkọ ara yín ní ọ́fíìsì tó yẹ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn tó ń rà á láti máa san díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó ṣọ́ra jù, nítorí pé tí máṣíìnì náà bá jẹ́ ti olè, owó tí wọ́n ti san kò ní padà wá, ọ̀rọ̀ á sì tún délé ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ku ṣọ́ọ̀bù páátì. Kí ẹ tó san owó, ẹ lọ bá ẹni tó ń ta páátì ní Ìkọ̀lé tàbí ní Adó, ẹ sọ orúkọ àti ọdún máṣíìnì náà fún un, kí ẹ sì bèèrè písítìn àti ríìngì rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì, àti ṣéènì pẹ̀lú sípírókẹ́ẹ̀tì. Tó bá fa gbogbo rẹ̀ yọ láti orí pẹpẹ lójú ẹsẹ̀, iye tí ẹ ń gbọ́ yẹn ṣeé ná. Tó bá ní kí ẹ fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì kí òun fi ránṣẹ́ sí Èkó, irú ọ̀sẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ ni máṣíìnì yóò máa fi dúró sí ṣọ́ọ̀bù nígbàkígbà tó bá bàjẹ́, nígbà tí iṣu wà lóko tí ọjọ́ ọjà sì ń kọjá.